Ṣíbí Oògùn Ọ̀gá Ẹlẹ́dẹ̀

Gbogbo ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lágbègbè wa ló ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀gá Ẹlẹ́dẹ̀, oyè náà sì dùn mọ́ ọn ju orúkọ tí àwọn òbí wa sọ ọ́ lọ. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń sìn wọ́n, ekukáká ni ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ fi ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò fi àṣírí rẹ̀ pamọ́: ṣíbí oògùn apakòkòrò àrùn kan nínú garawa oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, láràárọ̀, ara wọn yá o, ara wọn ò yá o. Ó kọ́ gbogbo aládùúgbò. Ta ni èmi àbúrò láti bá a jiyàn?

Ìgbà tó yá, abo ẹlẹ́dẹ̀ tó fẹ́ràn jù, Ìdí-Ńlá, bí mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Ọ̀gá po oògùn rẹ̀ mọ́ omi, ó rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu. Kò ṣiṣẹ́. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Òfo. Ọ̀kan kú. Ẹ̀rù bà mí, mo ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.

Dókítà ẹran dé, ọmọbìnrin kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó bu ìgbẹ́ wọn sínú ìgò, ó ní ká máa fún wọn lómi oníyọ̀ àti ṣúgà, òun ń bọ̀ lọ́túnla.

"Ọ̀túnla kẹ̀? Ìgbẹ́ lo fẹ́ lọ máa wò, tí àwọn ọmọ mi ń kú lọ!"

"Ẹ má bínú, mà. Ìgbẹ́ yìí ló máa sọ oògùn tó ṣì lè ṣiṣẹ́ fún wa."

A pín ọmọ mẹ́wàá tó kù ní márùn-ún márùn-ún, a ń fi síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ fún wọn lómi tọ̀sán-tòru. Mo rùn débi pé ìyàwó mi ní kí n máa jẹun níta.

Dókítà padà wá pẹ̀lú àwo pẹlẹbẹ kan tó dé pa. Ó ti to oríṣiríṣi oògùn, tó rí bíi bọ́tìnnì, sáàárín àwọn kòkòrò inú ìgbẹ́ náà. Àwọn kòkòrò náà ti pọ̀ débi pé ojú ń rí wọn, wọ́n hù yí oògùn Ọ̀gá ká, wọ́n fara tì í pẹ́kípẹ́kí. Oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n sá fún.

"Ẹ wò ó, mà. Díẹ̀díẹ̀ lẹ ń fún wọn lójoojúmọ́. Àwọn tí kò lágbára kú, àwọn olóríkunkun ló kù tí wọ́n ń bí sí i."

Ẹ̀gbọ́n mi wo àwo náà títí. "Ṣé èmi ni mo wá tọ́ wọn dàgbà báyìí?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni dókítà fi fún àwọn ọmọ náà ní oògùn yẹn, kò sì fi ẹ̀kán kan sílẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yè. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko Ìdí-Ńlá lẹ́nu.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, aládùúgbò mẹ́ta ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kálukú pẹ̀lú ike lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ bù díẹ̀ fún wa nínú tuntun yẹn."

"Ẹlẹ́dẹ̀ yín ń ṣàìsàn ni?"

"Rárá o. Kó má baà ṣe wọ́n ni."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tó kọ́ wọn gan-an ni wọ́n wí. Ó nujú, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

"Mo ṣì yín kọ́," ó ní. "Ẹ wọlé, kí n tún un kọ́ yín."