Ọṣẹ Tó Dínkù Lábẹ́ Kọ́kọ́rọ́ Máníjà

Òórùn ọṣẹ máa ń pàdé èèyàn kó tó dé géètì ilé-iṣẹ́ wa, láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ tó so Ìkẹjà mọ́ Agége: ọ̀rá gbígbóná àti lọ́fínńdà tó ń ta ni nímú. Ìwọ náà ti gba ibẹ̀ kọjá rí, o ní ó dà bíi pé wọ́n ń fọ gbogbo àdúgbò. Bí mo bá gbóòórùn yẹn lónìí, inú mi máa ń dùn, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ bó ṣe rí gan-an.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ nìyẹn. Wọ́n fi mí ṣọ́ yàrá tí ọṣẹ ti ń gbẹ. Ọ̀pá ọṣẹ gígùn la ń ṣe. Ìdí rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin ọgbọọgba, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí mẹ́fà, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rìnlélógún. A máa ń gbé e sórí sìkéèlì bó bá ń wọlé àti bó bá ń jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń dì í sí páálí. Ó máa ń fúyẹ́ díẹ̀ nítorí omi inú rẹ̀ ń gbẹ, kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Nígbà tó yá, máníjà pàṣẹ pé kí wọ́n máa gé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́jọ kó tó wọ yàrá mi. Láti ìgbà náà ni ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ gan-an.

Máníjà yìí kò bi mí léèrè. Ìdí sìkéèlì ló dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, níwájú àwọn obìnrin tó ń di páálí, ó ní òun ti mọ ibi tí ọṣẹ ń gbà lọ. "Ẹ wo olè tó lọ yunifásítì," ló wí. "Báàgì ìwé ló fi ń kó o." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ó ní òun kò ránṣẹ́ pe tíṣà. Mo mọ̀ pé ó jù mí lọ, pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é nínú ìtàn yìí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní "ó" ni. Títí di òní, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò wádìí, ó sì gbádùn rẹ̀.

Mi ò sunkún. Mo jókòó, mo ṣírò. Ọ̀pá tí a kò gé ní ojú mẹ́fà: méjì ní orí àti ìdí, mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà, 36 lọ́kọ̀ọ̀kan; mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́fà lọ́nà mẹ́rìnlélógún, 144 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 648. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọ̀bẹ bá la ọṣẹ kọjá, ojú tuntun méjì, 36 lọ́kọ̀ọ̀kan, ló ń ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá gé e lẹ́ẹ̀méje, ojú ara rẹ̀ di 1152, ó sún mọ́ ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ ọṣẹ náà kò pọ̀ sí i rárá: 36 lọ́nà 24 ni, 864, kí a tó gé e àti lẹ́yìn tí a gé e. Ojú ara sì ni omi ń gbà jáde. Olè tí wọ́n ń wá kò lẹ́sẹ̀.

Mo lè mú ìṣirò yìí tọ máníjà lọ ní kọ̀rọ̀. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe kọ̀rọ̀ ló ti pè mí lólè. Mo lọ bá màmá tó ni ilé-iṣẹ́, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí máníjà fúnra rẹ̀ dán an wò níwájú gbogbo wa: kó mú ọ̀pá méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, kó gé ọ̀kan, kó dá ọ̀kan sí, kó ti méjèèjì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì rẹ̀. Màmá gbà. Bó ṣe ń ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo rọra bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí èyí tí ẹ gé bá fúyẹ́ ju èkejì lọ ńkọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tó bá dínkù lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ mi, kí ẹ máa pe èmi lólè."

Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo ń wá.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, tí wọ́n sì gbé ọṣẹ náà sórí sìkéèlì níwájú gbogbo wa. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Odindi ọ̀pá fúyẹ́ díẹ̀. Ẹyọ mẹ́jọ yòókù pé pérépéré, ṣùgbọ́n ohun tó kúrò nínú ìwọ̀n wọn sún mọ́ ìlọ́po méjì ti odindi. Máníjà gbé wọn kúrò, ó tún wọn gbé. Ó nu sìkéèlì, ó tún wọn gbé. Màmá kàn ń wò ó. Obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń di páálí wá fi ohùn jẹ́jẹ́ kí i láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olè."

Lẹ́yìn náà ó wá bá mi nínú yàrá mi, ó ní, "Àbúrò, má bínú, iṣẹ́ ló fà á." Mo ní mo ti gbọ́, sà, ṣùgbọ́n ìdí sìkéèlì ò jìnnà. Lọ́jọ́ kejì ó dúró síbẹ̀, ó sọ fún àwọn obìnrin náà pé mi ò jí nǹkan kan. Orúkọ yẹn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ń pè é, mo máa ń dúró kí n gbọ́ ọ tán.

Ìyá mi ní kí n ti gbàgbé ẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ẹ̀san kì í tu ẹni tó gbà á lára. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn. Ì bá wù mí kó jẹ́ òótọ́, torí ó dùn ún gbọ́. Ohun tó yé mi ni pé ẹni tó bà mí lórúkọ jẹ́ ní gbangba, tó wá fẹ́ tún un ṣe ní ìkọ̀kọ̀, kò tíì tún un ṣe. Ní ti ẹ̀san náà, mi ò lè sọ ti ẹlòmíràn. Èmi o, ó tù mí lára.