Awọ Tí Antí Títí Kò Rí

Bí mo bá ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nílé ẹ̀kọ́ wa ní Banjul, Antí Títí tó ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì ni. Ọmọ Akú ni, ìran àwọn ẹrú Yorùbá tí wọ́n dá sílẹ̀ láyé àtijọ́; àdúgbò Campama ló ń gbé. Bó bá rí mi, á ní, "Kúṣẹ́ o, Bàṣírát adákẹ́-má-fọhùn!" Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, ìkíni àti orúkọ oúnjẹ ló mọ̀ jù. Síbẹ̀, Tíṣà Ọlátúnbọ̀sún, ará Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì, kì í yéé bá a sọ ọ́.

Ní ọdún 1974, máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo la ní. Tíṣà ń fi wo awọ òróró tó máa ń tàn ká ojú omi, tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Á fi gíláàsì rọra gbé e kúrò lójú omi, á jẹ́ kó gbẹ, a ó sì máa wo oríṣiríṣi àwọ̀ nínú rẹ̀. Àfi bí ìjọba ṣe gbọ́ pé a kì í lo ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní Ọ̀gbẹ́ni Dawda, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó gbọ́ Yorùbá, ń bọ̀ wá wò ó. Bí kò bá rí ohun tí a ń fi í ṣe, yóò gbé e lọ síbòmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Tíṣà po òróró ẹ̀pà mọ́ sípírítì kó lè tàn ká dáadáa, ó kán an sójú omi nínú àwo.

"Antí, ẹ má da àwo yìí nù o. Awọ wà nínú ẹ̀."

Nígbà tí a ti kíláàsì dé, àwo ti mọ́ tónítóní. Antí Títí gbé abọ́ gbígbóná kan wọlé.

"Tíṣà, mo wá awọ yẹn títí! Omi lásán ni mo rí. Ológbò ti gbé e lọ. Ẹ má bínú, mo ti ra òmíràn."

Pọ̀nmọ́ ló wà nínú abọ́, tòun ti omi tí wọ́n fi sè é.

Tíṣà dorí mú. "Antí, ẹ ti pa mí! Sípírítì mi ti tán!"

"Ṣé eléyìí kò tóbi tó ni?"

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Dawda ti dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Tíṣà tẹjú mọ́ ọ̀rá tó léfòó sójú omi pọ̀nmọ́. Ó bu omi tuntun sínú àwo tí Antí fọ̀, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tọ́ ọ̀rá náà, ó fi kan omi. Wéré, ó tàn ká. Ó fi gíláàsì gbé e, ó gbé e sójú fèrèsé kó gbẹ.

Bó ṣe gbẹ, ó fi í sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ọ̀gbẹ́ni Dawda wọlé, ó tẹrí ba wò ó, kò tètè gbórí sókè.

"Àwọ̀ yìí mà dára o! Kí ni?"

"Awọ ni, sà," ni Tíṣà wí.

"Awọ kí ni?"

"Awọ màlúù!" ni Antí Títí dáhùn.

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀gbẹ́ni Dawda náà rín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní kí a máa lo ẹ̀rọ wa lọ.

Ohun tí mo mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni mo fi ẹ̀rọ yẹn rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a pín pọ̀nmọ́ jẹ. Antí Títí, ẹ ṣeun.