Ọjọ́ Tí Mo Fẹ́ Gbẹ̀san Lára Ìyá Ọkọ Mi

Nínú gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò nílé ọkọ mi ní Ìgbòho, ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Àìsàn ìgbàgbé ti ń ṣe ìyá ọkọ mi nígbà náà, èmi ni mo sì ń wẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo bí àkọ́bí mi ní obìnrin, àwọn ni wọ́n kó ẹrù mi sójò, tí wọ́n ní kí n gbé ọmọ mi lọ sílé bàbá mi. Wọn ò bẹ̀ mí rí. Ní báyìí, wọ́n ti gbàgbé. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Bí mo ṣe ń fi kànrìnkàn wẹ ẹ̀yìn wọn, inú bí mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, kó lè dùn wọ́n. Mo ní, “Ìyá ọkọ mi ló ṣe é.”

Wọ́n bú sẹ́kún. “Ọmọ mi, ìkà ni! Ọlọ́run á jẹ́ kó dàgbà débi tí kò ní dá ọmọ tó bí mọ̀ mọ́! Ṣàmín!”

Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti dá ọkọ mi mọ̀.

“Àmín, Màmá,” ni mo dáhùn.

N kò ní purọ́, àmín náà dùn lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n wọn ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má padà sọ́dọ̀ obìnrin burúkú yẹn mọ́, mo sì ṣèlérí fún wọn pé n kò ní padà.