Apá Òwúrọ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Zenaida Baca ti fi ń kun àjà àwọn ilé tẹ́tẹ́ Las Vegas, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ti orí tirẹ̀ wá. Àwòrán ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń gbé lé e lọ́wọ́: ìkùukùu ilẹ̀ Ítálì, áńgẹ́lì ọmọ ọwọ́ tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ẹṣin abìyẹ́. Ó ń kùn wọ́n, ó ń dákẹ́.

Ọdún tó pé ẹni ọgọ́ta ni òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan tó ní kó ya ohun tó bá wù ú. Àjà gbọ̀ngàn wọn rí bí inú igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Zenaida ya obìnrin kan tó pè ní Òwúrọ̀, tó ń nawọ́ láti òfurufú wá sílẹ̀.

Irú àjà bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń kùn ún. Wọ́n á tẹ́ aṣọ kanfasi sílẹ̀ nílé ìkẹ́rùsí, wọ́n á wọ ìbọ̀sẹ̀ rìn lórí rẹ̀, wọ́n á so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ igi gígùn. Tó bá gbẹ, wọ́n á ká a bí ẹní, wọ́n á lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí lórí ilẹ̀ títẹ́jú, apá Òwúrọ̀ gùn gbọọrọ.

Ọ̀gá Thorne tó ń darí òtẹ́ẹ̀lì náà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé apá nìyí àbí páìpù omi? Ẹ bá mi gé e kúrú, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọ̀gá, àjà yẹn tẹ̀, á mú kí apá náà kúrú lójú ẹni tó wà nílẹ̀. Tí mo bá gé e, kùkùté ló máa dà lókè."

"Ṣé ẹ ti rí i lókè ni?"

"Rárá. Ẹ jẹ́ ká lẹ̀ ẹ́. Tó bá burú, ẹ ya á dànù. Mi ò sì ní mú búrọ́ọ̀ṣì mọ́ láyé mi."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o."

Nígbà tó lọ tán, Chayo tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé tamale àgbàdo tó ń jẹ sílẹ̀. "Ẹnu yín yìí, Màmá! Ta ló bi yín ní ti búrọ́ọ̀ṣì?"

Zenaida bẹ̀rẹ̀ sí í fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà á.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n tú irin àti pákó tí wọ́n fi gun òkè kúrò, Zenaida ò lè wòkè. Ojú Ọ̀gá Thorne ló tẹjú mọ́. Ọ̀gá náà gbójú sókè, kò rẹ́rìn-ín. Ó sún sí ọ̀tún, ó wò. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó tún wò. Lẹ́yìn náà, òun tó ní kí wọ́n gé apá náà na ọwọ́ tirẹ̀ sókè, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fà dìde, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun nà án.

"Màmá, ẹ wòkè," Chayo wí.

Zenaida wòkè. Apá náà ṣe rẹ́gí. Ó ń ti inú ìmọ́lẹ̀ bọ̀, ọ̀dọ̀ Zenaida gan-an ló sì ń bọ̀. Òun tó po gbogbo ọ̀dà ibẹ̀ yíjú sí Chayo, ó bi í tọkàntọkàn:

"Ta ló ya eléyìí?"