Yàrá Tíṣà Nílé Aníwúrà

Opó ni Aníwúrà ọ̀rẹ́ mi. Ilé oníyàrá mẹ́rin ló ní l'Ókìtìpupa, nítòsí ilẹ̀ àpéjọ ìjọ Aládùúrà kan. Kò sẹ́ni tó mọ púpurú, oúnjẹ gbágùúdá àwa Ìkálẹ̀, ṣe tó o ládùúgbò wa, kò sì sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ mú tó tirẹ̀.

Iṣẹ́ púpurú kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Bí gbágùúdá bá ti rọ̀ nínú omi, ọjọ́ náà gan-an la ó fún un, tí a ó ṣù ú ribiti, tí a ó tò ó sókè iná kó gbẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo ayálégbé Aníwúrà ló máa ń bá a ṣù ú ní Sátidé. Tíṣà Gbémi tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ púpurú rí, ti wá ń ṣù ú ju ọmọ Ìkálẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1995, àlejò àpéjọ wá pọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n ń san lọ́sẹ̀ kan ju ohun tí tíṣà ń san lóṣù mẹ́ta lọ. Ojú àwọn onílé bá wọ̀ ọ́. Aníwúrà lé gbogbo ayálégbé rẹ̀. Mo bá a jà, ó ní ṣé èmi ni n ó bá òun pààrọ̀ páànù tó ń jò ni? Gbémi kò rí yàrá mìíràn nílùú. Ó lọ ń sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìkọ̀yà, àwọn mẹ́ta lórí ibùsùn kan. Ó dùn mí wọra.

Ní Sátidé kan, gbágùúdá agbọ̀n mẹ́rin rọ̀ papọ̀. Bó ti mọ́ Aníwúrà lára, ó ń kan ilẹ̀kùn kiri: "Ẹ jáde o, ó ti yá!"

Àwọn àlejò jáde nínú sùtánà funfun, wọ́n dimú. Ọ̀kan ní, "Màmá, ààwẹ̀ la wà." Ẹni yàrá ẹ̀yìn tilẹ̀ kẹ́rù rẹ̀, ó ní èéfín ti ba aṣọ òun jẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí, kí n tó lọ ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ni arúgbó méjì fẹ́ ṣe sí agbọ̀n mẹ́rin? Aníwúrà ti ń sunkún nígbà tí Gbémi wọlé wá mú ìkòkò tó gbàgbé. Ó wò wá, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

"Màmá, ẹ sún díẹ̀."

Bó ṣe jókòó nìyẹn. Aníwúrà kò lè wojú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn yóò fi wọ̀, gbogbo rẹ̀ ti wà lórí iná.

Gbémi ṣan ọwọ́. "Ó dàbọ̀, Màmá. Ọkọ̀ Ìkọ̀yà á tán."

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti wọlé pẹ̀lú ẹrù, ó ní òun gbọ́ pé yàrá ẹ̀yìn ti ṣófo. Ó ti ń kówó jáde.

Aníwúrà kò wo owó náà. "Ẹ má bínú, bàbá. Ó ní ẹni tó ń gbé ibẹ̀."

"Ta ni?"

Ó fa Gbémi lọ́wọ́. "Òun nìyí. Ó rìnrìn àjò ni."