Onílù Tí Bíńgò Kọ́ Ní Eré Sísá

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ akẹ́rù Selwyn Tunnicliffe kú. Mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé bí òun bá ha ìpẹtà ara rẹ̀ kúrò, kò ní í ṣẹ́ ku nǹkan kan tí òun á tún ṣe. Noreen, ìyàwó Selwyn, ló kọ́kọ́ bá a kẹ́dùn.

"Kú ara fẹ́ra kù, pẹ́pẹ́yẹ mi," ló wí, ó sì gbé tíì síwájú rẹ̀. Ní Burslem, ìlú àwọn amọ̀kòkò ní England, pẹ́pẹ́yẹ ni gbogbo ènìyàn, ìbáà ṣe ọkọ, ìbáà ṣe aya, ìbáà ṣe ẹni tó ń ta bọ́tà. "Ṣé kí n lọ ra aṣọ dúdú?"

Selwyn kò rẹ́rìn-ín. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Ẹyẹlé Irin, ẹgbẹ́ orin rọ́ọ̀kì tó kọ́kọ́ lùlù fún, máa ṣeré ìkẹyìn ní kílọ́ọ̀bù àwọn amọ̀kòkò, kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa títí láé. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Ẹgbẹ́ márùn-ún ló ti lùlù fún láyé rẹ̀, kò sì sí ọ̀kankan tó kúrò nínú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Èyí tó kù yìí, ó fẹ́ jókòó ti ìlù rẹ̀ títí orin á fi parí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹ̀rù kan ti ń bà á pé nítorí ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ẹgbẹ́ yẹn fi mú òun: òun ló ní ọkọ̀.

"Má sọ fún Denzil," ló wí nípa olórin wọn.

"Ṣé ojú ń dun Denzil ni, tí kò ní í rí i pé kò sí ọkọ̀ níta?"

"Má ṣáà sọ fún un."

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán. Lọ́dún 1969, àwọn ọ̀dọ́ tó ní jìtá pọ̀ ní Burslem bí àfọ́kù ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n. Bàbá Selwyn ní ọ̀kan tó fi ń kiri àkàrà óótì, èyí tó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ká mọ́ wàràkàṣì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Denzil Bloor, olórin Ẹyẹlé Irin, wá síbẹ̀, ó ra àkàrà mẹ́fà, ó wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó wá béèrè lọ́wọ́ Selwyn bóyá ó mọ ìlù lù. Selwyn ní òun mọ̀ ọ́n lù. Irọ́ ni. Gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́, òun ra ìlù lọ́jọ́ Sátidé, òun sì ti mọ̀ ọ́n lù kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Noreen ní oṣù mẹ́ta ni. Àwọn aládùúgbò ìgbà náà ní ó jọ ọdún mẹ́ta.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni Ẹyẹlé Irin máa ń ṣeré ní kílọ́ọ̀bù. Bí aago kan bá ti lù, bíńgò ni, tẹ́tẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fàlà sí nọ́ńbà tí wọ́n bá pè lórí káàdì wọn. Hilda Mountford, akọ̀wé kílọ́ọ̀bù, ló ń pe nọ́ńbà. Bó bá ku ìṣẹ́jú kan, á gbé àpótí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sáyà, á rìn lọ sídìí ògiri, á sì gbé ọwọ́ lé ibi tí wọ́n ti ń pa iná ẹ̀rọ àwọn olórin. Kì í wo bóyá orin ti parí. Ní Sunday àkọ́kọ́, Denzil dijú, ó ń ké sí olólùfẹ́ rẹ̀ pé kó padà wá, ni ohùn jìtá bá kú pii. Hilda ti ti ẹnu bọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tirẹ̀.

"Kò ní í wá mọ́, pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ mú káàdì yín."

Láti ọjọ́ yẹn ni Selwyn ti ń fi ojú kan lùlù, tó ń fi ìkejì wo aago ògiri. Bí orin bá ti ń súnmọ́ òpin, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rí i pé òjò ṣú tí aṣọ rẹ̀ ṣì wà lórí okùn. Àwọn yòókù á sáré tẹ̀ lé e, orin á parí, Hilda á sì padà lọ́wọ́ òfo láti ìdí ògiri. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé nígbà tó kúrò ní Burslem, kò sí bíńgò níbi tó lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ọwọ́ rẹ̀.

Ọba Èéfín, ẹgbẹ́ kan ní Birmingham, ló gbà á lọ́dún 1972. Orin wọn gùn, ó sì kún fún ìrònú. Èyí tó gùn jù nínú wọn jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Lábẹ́ Selwyn, ó di mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń tẹ dùùrù wọn ní òun kò tíì gbé ọwọ́ òsì sílẹ̀ tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́. Ilé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n ti lé e, lórí ẹ̀wà àti búrẹ́dì yíyan, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé àwọn délé.

Ó bá ẹgbẹ́ kẹta dé Netherlands àti Germany. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ènìyàn ló wá wò wọ́n ní pápá kan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kó gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń dún kó-kó-kó, kí onílù lè máa tẹ̀ lé e. Selwyn sọ pé ẹ̀rọ náà ń fà sẹ́yìn. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà ṣì wà lórí ògiri pálọ̀ rẹ̀. Àwòrán Selwyn wà níwájú rẹ̀, ó fara ti ọkọ̀. Ìlù inú rẹ̀, ẹlòmíràn ló lù ú.

Lọ́dún 1977 ló tó rí àwọn tó bá a mu, àwọn ọ̀dọ́ onírun ṣóńṣó tí wọ́n fi píìnì de aṣọ. Àwọn yẹn ò fẹ́ kí orin kankan pẹ́. Wọ́n kọ orin mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ẹni tó ni gbọ̀ngàn sì ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kọ látòkè. Inú Selwyn dùn fún oṣù méje gbáko, kí olórí wọn tó lọ di apínlẹ́tà. Ẹgbẹ́ karùn-ún, ti ìgbéyàwó ni. Ìyàwó àti ọkọ á dìmọ́ra fún ijó jẹ́jẹ́, kí orin tó parí wọ́n ti ń làágùn. Ìyá ọkọ ìyàwó kan ló fúnra rẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, Selwyn padà sídìí àkàrà óótì.

Ìdí rẹ̀ náà ló wà tí Denzil fi tún wá lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, tó ní kí Ẹyẹlé Irin tún kóra jọ fún ìdágbére kílọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyí: "Sel, ṣé ọkọ̀ yẹn ṣì ń rìn?"

Èyí ló jẹ́ kí Selwyn fi ikú ọkọ̀ pa mọ́. Bọ́ọ̀sì ìlú ló fi ń gbé ìlù lọ síbi ìdánrawò, ní gàráàjì Denzil. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé ìlù ńlá jókòó sórí itan bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ fún. Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ ìyáàgbà kan kó bá òun di àwo irin tí wọ́n ń lù pẹ̀lú ìlù mú. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ níwájú ọjà, ó gbàgbé, ó gbé e lọ. Bí Denzil bá béèrè ọkọ̀, á ní òun fi sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kí ló gbé e dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ibòji."

Ní Burslem, nínú oṣù kọkànlá, ta ní ń wá ibòji? Denzil rìn lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá ilẹ̀ gbalasa. Nígbà tó padà, kò pariwo. Ó kàn jókòó sórí ẹ̀rọ ìfọṣọ.

"Sel, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde ńkọ́? Ṣé a ó fi wọ́n sórí itan náà ni?"

"A lè yá ọkọ̀."

"Gareth Pointon ní ọkọ̀. Ó tún ń kọ́ni ní ìlù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì." Denzil wolẹ̀. "Kì í sì í sáré."

"Ṣé mo ń sáré ni?"

"Pẹ́pẹ́yẹ, ìwọ lo sáré títí ìyá ọkọ ìyàwó fi lé ọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú Gareth. Selwyn délé, ó sọ fún Noreen pé òun ò ní í lọ rárá. Noreen ní kó máa jókòó sílé nígbà náà, kó bá òun bó ànàmọ́ fún ẹran yíyan ọjọ́ Sunday. Nígbà tí ọjọ́ Sunday náà pé, ó bó mẹ́ta, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó sì gba kílọ́ọ̀bù lọ.

Kílọ́ọ̀bù kún dé ẹnu ọ̀nà. Hilda, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ti wà nídìí àpótí bọ́ọ̀lù rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí kò wọ̀ rí. Gareth lùlù bí aago tuntun, kò yára, kò falẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka àṣìṣe kan sí i. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí aago kan lù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin olólùfẹ́ yẹn.

Níbi tí orin ti fẹ́ yí sí òpin, Selwyn rí i pé ọwọ́ òun ti ń lu tábìlì. Kì í ṣe òun nìkan. Denzil ti sáré ṣíwájú ìlù, nítorí bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe mọ ibẹ̀ láti àádọ́ta ọdún nìyẹn. Àwọn oníjìtá méjì tẹ̀ lé e. Gareth dúró síbi tó wà, ó ń ṣe ohun tó tọ́. Orin wá pín sí méjì bí agbo ẹran níwájú ajá. Denzil wẹ̀yìn, ó dúró de ìlù, ó tún ṣi ibẹ̀ mú. Hilda gbé àpótí rẹ̀ sáyà.

Iná kú lára jìtá pii.

"Kò wá náà," ni Hilda wí. "Ẹ mú káàdì yín."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àyàfi Denzil. Bí bíńgò ṣe ń lọ, ó wá sí tábìlì Selwyn.

"Lẹ́yìn bíńgò, a máa tún un kọ. Wá lù ú."

"Mi ò ní ọkọ̀."

"Ta ló bi ọ́ ní ọkọ̀?"

"Ìwọ ni. Òun lo kọ́kọ́ bi mí. Òun lo kọ́kọ́ wò ní 1969 náà. Denzil, dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan: ṣé èmi lẹ fẹ́ ni, àbí ọkọ̀?"

Denzil rò ó. Kì í ṣe èké ènìyàn, àléébù rẹ̀ nìyẹn. "Ọkọ̀ ni. Ìlù rẹ burú jọjọ. Ìgbà tó yá ló mọ́ wa lára. Ní báyìí, a ò lè bá ẹni tó ń lù ú dáadáa ṣeré mọ́. O ti bà wá jẹ́."

Selwyn wo ojú rẹ̀ bóyá yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Kò rí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀.

Láti orí pèpéle, Hilda sọ sínú gbohùngbohùn, láàárín nọ́ńbà méjì: "Bó bá ń bọ̀, kó tètè. Aago méjì la ń ti bárì. Méjìlélógún, pẹ́pẹ́yẹ méjì." Bí wọ́n ṣe ń pe 22 nídìí bíńgò nìyẹn, nítorí ó jọ pẹ́pẹ́yẹ méjì tó ń lúwẹ̀ẹ́.

Gareth gbé igi ìlù fún Selwyn láìbínú. Ó tilẹ̀ sún ìjókòó sílẹ̀ fún un. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù. Selwyn ka mẹ́rin, ó sì rọra lọ títí wọ́n fi dé ibi tí orin ti ń yí. Nígbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ yá. Denzil dijú, ó ń ké, àwọn oníjìtá ń sáré, àwọn arúgbó tó wà nísàlẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni lé adìyẹ. Hilda ti dé ìdí ògiri. Ìlù ìkẹyìn dún, Selwyn sì di àwo irin mú kó má baà dún mọ́. Ó ku ìṣẹ́jú kan. Hilda gbé ọwọ́ kúrò lára ògiri, ó sì fi méjèèjì pàtẹ́wọ́.

Ìlù Gareth ni Selwyn lù, ṣùgbọ́n ìlù tirẹ̀ ṣì wà ní gàráàjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Denzil bá a kó o lọ sílé nínú bọ́ọ̀sì ìlú. Ìlù ńlá ló gbé sórí itan, ó sì ń kùn pé ó ń tẹ òun nínú. Selwyn jókòó tì í, ó ń fi ìka méjì lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ku ibùdókọ̀ méjì sílé, Denzil di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sel, rọra. Kò sí bíńgò nínú bọ́ọ̀sì."