Ọjọ́ Tí Màmá Onílé Fi Báírò Pupa Yí Po

Màmá onílé wa ní Itamaga kì í ju kàlẹ́ńdà nù. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbé e kọ́, tọdún yìí lórí tèṣí, ọjọ́ kan náà nínú oṣù Keje ni wọ́n sì ń fi báírò pupa yí po lọ́dọọdún. Ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ ojú omi dojú dé, tó pa ọkọ wọn lọ́nà ọjà Ẹ̀jìnrìn. Lọ́dún mìíràn, ọjọ́ yẹn kan náà ni iná jó ṣọ́ọ̀bù wọn ní Agric.

Tí ọjọ́ náà bá pé, wọn á ti géètì pa láàárọ̀, wọn á fi kọ́kọ́rọ́ há ìdí ìró, wọn á sì sọ fún àwa ayálégbé pé:

“Ẹ bínú sí mi lónìí, kí n ṣáà rí yín lọ́la.”

Ẹ̀rín ni mo máa ń fi wọ́n rín. Lọ́dún kan, mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi ṣí i fún mi. Mi ò tíì dé Agric tí ọ̀kadà tí mo gùn fi kọlu tírélà, tí ẹsẹ̀ mi ṣẹ́. Nígbà tí Màmá wá wò mí lọ́sìbítù, wọn ò bá mi wí. Ọsàn ni wọ́n bó fún mi.

Màmá ti kú, ọjọ́ lásán ni wọ́n sì kú. Àmọ́ òní ni ọjọ́ pupa yẹn, ọmọ mi obìnrin sì ní íńtáfíù iṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́.

“Màámi, kọ́kọ́rọ́ géètì dà? Mo ti ń pẹ́ o!”

Ìdí ìró mi ló wà.

“Bínú sí mi lónìí, ọmọ mi.”